Oògùn ADHD: Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Dá Oògùn Lẹ́bi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ti ń lo methylphenidate, oògùn ADHD (àìlè pọkàn pọ̀ àti àìlè jókòó jẹ́ẹ́), fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: míligíráàmù 5 láàárọ̀, 5 lọ́sàn-án. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ti ń jókòó parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹkún ni, ìbínú ni, a ò ní gbádùn nínú ilé mọ́. Kì í sì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá mi ní oògùn yìí fẹ́ ba orí ọmọ jẹ́, kí n dá a dúró. Kí ni kí n ṣe? *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyá wa ò purọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀; ohun tó fà á gan-an ni ó yẹ ká wò dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wo aago.

Irú methylphenidate tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ yìí kì í pẹ́ lára. Kí wákàtí kan tó pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó bá sì fi máa tó wákàtí mẹ́rin, ó ti ń ṣá. Bí ọmọ bá gbé ti ọ̀sán mì ní aago 12:15, mélòó ló kù lára rẹ̀ ní aago 4:30? Díẹ̀ báyìí ni. Ìjà ìrọ̀lẹ́ yẹn jọ ti oògùn tó ń lọ tán lára, kò jọ ti oògùn tó pọ̀ jù. Tó bá pọ̀ jù, wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó gbé e mì ni ẹ ó rí i: ọmọ á dákẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe òun mọ́, á tẹjú mọ́ ibì kan, tàbí kó máa sunkún láìnídìí. Ẹkún kan náà ni ẹ ń gbọ́, àmọ́ ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Fún èyí tó pọ̀ jù, dókítà á dín in kù. Fún èyí tó ń tán, ó lè sún àkókò ti ọ̀sán síwájú, ó lè fi díẹ̀ kún un lẹ́yìn ilé-ìwé, tàbí kó pa á dà sí irú tó ń pẹ́ lára.

Kí dókítà má baà máa méfò, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Báyìí ni kó rí: «7:15, oògùn. 9:00, ó ka ojú ìwé méjì láìdìde. 12:15, oògùn. 4:40, ó ju bàtà. 6:30, ó jẹun yó. 9:50, ó sùn.» Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún dókítà ju «inú ń bí i ṣáá» lọ.

Ní ti oúnjẹ, oògùn yìí máa ń pa ebi nígbà tó bá wà lára. Ẹ má bá ọmọ jà lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kó jẹun dáadáa láàárọ̀ kí ó tó gbé oògùn mì, kí ẹ sì tún gbé oúnjẹ gidi síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí ebi bá padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n máa wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n sí, kí wọ́n sì máa wọn gíga rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà ni kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sí.

Ẹ má fọwọ́ ara yín fi kún un o. Dókítà ló ń fi míligíráàmù 5 sí 10 kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kí àpapọ̀ rẹ̀ lóòjọ́ kọjá 60. Ọmọ méjì tí ìwọ̀n ara wọn dọ́gba lè nílò ìwọ̀n oògùn tó yàtọ̀. Èyí tó kéré jù lọ tó sì ń ṣiṣẹ́ ni à ń wá.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ò lè gbé hóró oògùn tó ń pẹ́ lára mì, mo bá lọ̀ ọ́ sínú wàrà. Ó bì, ó ní àyà òun ń lù kì-kì-kì, tó bá sì di ọ̀sán, ó dà bíi pé kò lo oògùn rárá. *Bàbá Adé*

Ìdáhùn: Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́, sà. Oògùn tó yẹ kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12 ni ẹ tú sí i lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń lù, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì yára tán. Irú kan ní èèpo líle tó ní ihò bíńtín. Omi inú ikùn á wọnú rẹ̀, á máa ti oògùn jáde. Èèpo òfìfo yẹn a máa bá ìgbẹ́ jáde, kí ẹ̀rù má bà yín. Àwọn kápúsù kan sì wà tó kún fún hóró wẹ́wẹ́: ẹ lè ṣí i, kí ẹ wọ́n ọn sórí ṣíbí oúnjẹ rírọ̀ tí kò gbóná, kó gbé e mì lójú ẹsẹ̀ láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Kápúsù lisdexamfetamine, oògùn ADHD mìíràn, ṣeé pò mọ́ omi mu. Ẹ gbé páálí oògùn náà lọ bá apòògùn kó sọ èyí tí tiyín jẹ́.

Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tó dákú, pàápàá níbi eré ìdárayá, ẹ má dúró de àárọ̀. Bákan náà ni bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti kú lójijì láti ọwọ́ àìsàn ọkàn, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 34 ni mí, amphetamine ni mò ń lò fún ADHD. Ṣé mo lè máa mu kọfí? Tí mo bá gbàgbé ti àárọ̀ ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan sì ń bẹ̀ mí fún hóró méjì, ó fẹ́ fi kàwé ìdánwò.

Ìdáhùn: Kọfí àti amphetamine ń ti ọkàn síbì kan náà. Tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n tàbí tí oorun ò wá, kọfí ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine nínú. Omi ọsàn àti fítámì C, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i tó wákàtí kan, nítorí wọn kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Oògùn ọgbẹ́-inú tó ń pa ásíìdì ní tirẹ̀ ń jẹ́ kó pọ̀ lára. Ọtí burú, torí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ti ń yó. Bí ẹ bá lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní MAOI láàárín ọjọ́ 14 sẹ́yìn, ẹ má fi amphetamine kàn án rárá.

Tí ẹ bá gbàgbé tí ọ̀sán sì ti pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Ti ọ̀rẹ́ yín, rárá. Ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, oorun tí kò bá sùn yóò sì bá a níbi ìdánwò. Ẹ ti oògùn náà mọ́lẹ̀, kí ẹ máa kà á. Tó bá tún béèrè, ẹ sọ fún un pé iye rẹ̀ pé pérépéré, dókítà á sì bi yín tí kò bá pé.