Bàtà Rírà Nígbà Tí Inú Bá Bàjẹ́

Ẹ béèrè bóyá ó burú bí bàtà tuntun ṣe ń mú inú yín dùn nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé. Kò burú rárá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Journal of Consumer Psychology fi hàn pé yíyan ohun tí a fẹ́ rà máa ń dín ìbànújẹ́ kù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn tún rí i pé nǹkan ṣì wà ní ìkáwọ́ òun. Àmọ́, ẹ má yáwó ra bàtà o. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ sì rí i pé àyè wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lọ.