Èsì: Orí utcnow() ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe àlàyé datetime, apá tó ń bójú tó ọjọ́ àti aago nínú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní Gwarinpa. Ẹ jọ̀ọ́, utcnow() ni kó ṣáájú. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló ń mú wá lóòótọ́, àmọ́ kò so agbègbè aago kankan mọ́ ọn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá pe .timestamp(), tó ń sọ aago di iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, lé e lórí, Python á kà á sí aago kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ní Abuja níbí, tí aago wa fi wákàtí kan ṣáájú UTC, iye tó máa jáde á fi ìṣẹ́jú-àáyá 3600 dín. Lórí sáfà tó ń lo UTC, àṣìṣe yẹn ò ní hàn rárá. Ohun tó jẹ́ kó léwu gan-an nìyẹn. Láti ẹ̀dà Python 3.12 ni wọ́n ti ní ká yé lò ó. Ẹ kọ èyí dípò rẹ̀:

datetime.now(timezone.utc)

Nínú zoneinfo, ibi tí Python ti ń mú agbègbè aago, "Africa/Lagos" ni kí ẹ lò. Kò sí "Africa/Abuja". Tí ẹ bá kọ ọ́, àṣìṣe ZoneInfoNotFoundError ló máa gbé jáde. Àwọn tó ń lo Windows á kọ́kọ́ ṣe pip install tzdata, kí àkójọ agbègbè aago lè wà lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ fi àpẹẹrẹ "Europe/London" kún un dandan. Aago tiwa kì í yí, tiwọn a máa fi wákàtí kan sún síwájú ní oṣù kẹta, á sì padà ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá fi aago Èkó nìkan dán kóòdù rẹ̀ wò kò lè rí àṣìṣe tí ìyẹn ń fà.