Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Mọ́nítọ̀ Fífẹ̀ àti Fọ́tò Tí Ó Ń Dúdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Under G, nítòsí LAUTECH. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́nítọ̀ ultrawide (èyí tí ó fẹ̀ ju mọ́nítọ̀ lásán lọ) oní-íǹṣì 34, kí n lè máa fi ṣe fọ́tò ìgbéyàwó lọ́sàn-án, kí n sì máa fi gbá gẹ́ẹ̀mù lálẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó ni àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Aṣọ ẹbí tí ó mọ́lẹ̀ kedere lójú mọ́nítọ̀ a dúdú bí fọ́tò bá ti ilé ìtẹ̀wé dé, gèlè pupa tí ó ń tàn yòò a sì dà bí èyí tí ó ti ṣá. Ẹni tí ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀rọ òun kò ní àbùkù. Ṣé kí n dá mọ́nítọ̀ náà padà fún ẹni tí ó tà á ni? — Ayàwòrán, Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ohun èlò tuntun. Ẹ má tíì dá a padà, ẹ má sì bá atẹ̀wé yín fa gbólóhùn asọ̀, nítorí pé àwọn àmì tí ẹ kà sílẹ̀ ń tọ́ka sí i pé ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ náà ni ó pọ̀ jù. Àwọn tí ó ń ṣe mọ́nítọ̀ a máa gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè kí ó lè fa ojú oníbàárà mọ́ra lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè tàn dé 300 candela (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) ní mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé láàárín 80 sí 120 ni àwọn tí ó ń ṣe fọ́tò fún títẹ̀ sábà máa ń fi tiwọn sí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, ojú yóò máa tàn yín pé fọ́tò ti mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀yin náà yóò sì máa dín in kù. Bébà ní tirẹ̀ kò ní iná nínú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà lé e nìkan ni ó lè dá padà. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń dúdú.

Ẹ tan mọ́nítọ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ó gbóná dáadáa, ẹ fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, kí ẹ sì pa Night light inú Windows (tí ó ń yí àwọ̀ padà lálẹ́) àti Dynamic Contrast inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ (tí ó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀). Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé òfìfo funfun kan, kí ẹ mú ojúlówó bébà funfun, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná funfun tí ẹ fi ń yẹ fọ́tò wò. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ń tàn bíi fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, ẹ máa dín Brightness kù díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ó má yà yín lẹ́nu bí ó bá já sí 20 tàbí 25 nínú 100. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n ojú yóò mọ́ ọn lára.

Àwọ̀ ni ó kàn. Nínú ètò mọ́nítọ̀, ẹ fi Color Temperature (bí funfun ṣe fà sí búlúù tàbí sí ìyeyè) sí 6500K, kí ẹ sì fi Gamma (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i láti dúdú dé funfun) sí 2.2. Bí mọ́nítọ̀ bá ti fa sí búlúù jù, sányán yóò dà bí aláwọ̀ eérú, ẹ̀yin yóò sì fi àwọ̀ ìyeyè kún un láti tún un ṣe. Orí bébà ni àṣírí yóò ti tú. Ní ti gèlè pupa yẹn, sRGB, ìlànà àwọ̀ tí iléeṣẹ́ HP àti Microsoft jọ gbé kalẹ̀ ní 1996, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ òde òní lè gbé pupa tí ó pọ́n ju ti ìlànà yìí lọ jáde. Bí mọ́nítọ̀ yín bá ní ipò tí wọ́n ń pè ní sRGB, ẹ lo ìyẹn fún iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí àwọn mọ́nítọ̀ mìíràn ipò náà kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan Brightness mọ́. Àwọn iná mèremère tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tábìlì gẹ́ẹ̀mù, tí a kò lè sọ pé wọn kò dùn ún wò, ẹ pa wọ́n nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́tò, nítorí ojú tí iná àlùkò ti kún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́ lórí àwọ̀ aṣọ òfì.

Ojú nìkan kò tó fún ẹni tí ó ń gba owó lórí àwọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń pè ní colorimeter, tí a ń gbé kọ́ sí ojú mọ́nítọ̀ kí ó lè wọn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ètò bíi DisplayCAL, tí a kì í sanwó fún, yóò fi ohun tí ẹ̀rọ náà bá rí ṣe fáìlì ICC fún mọ́nítọ̀ yín, ìyẹn fáìlì tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí mọ́nítọ̀ náà ṣe ń gbé àwọ̀ jáde. Èrò tèmi ni pé kí ayàwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ ra ẹyọ kan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tàbí lóṣù méjì ni a nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe gba fáìlì ICC ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: mọ́nítọ̀ méjì tí ó jẹ́ orúkọ kan náà kì í gbé àwọ̀ bákan náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ètò tí a fi ń ṣe fọ́tò a máa ka fáìlì yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù kì í kà á, nítorí náà ẹ ya ipò kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, kí ẹ ya òmíràn sọ́tọ̀ fún eré.

Nítorí pé mọ́nítọ̀ yín fẹ̀, àárín ni kí ẹ máa gbé fọ́tò sí, kí ẹ kó àwọn irinṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. VA àti IPS jẹ́ oríṣi ojú mọ́nítọ̀ méjì. Bí tiyín bá jẹ́ VA, àwọ̀ dúdú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti IPS lọ, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà ara ẹtù lè pòórá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní mọ́nítọ̀ ultrawide mi lè dé 144 Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n 60 ni mò ń rí. Gẹ́ẹ̀mù mìíràn tún máa ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ ní dúdú. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ẹ wọ Settings nínú Windows, kí ẹ lọ sí System, Display, lẹ́yìn náà Advanced display, kí ẹ yan 144 fúnra yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo wáyà: HDMI 1.4 àtijọ́ kò lè gbé 3440 × 1440 (iye píksẹ̀lì, ìyẹn àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán, ní ìbú àti ní òró) ju nǹkan bí 50 Hz lọ, nítorí náà wáyà oríṣi DisplayPort ni kí ẹ lò. Ní ti ẹ̀gbẹ́ dúdú, àwọn gẹ́ẹ̀mù kan wà tí wọn kò ṣe fún ìwọ̀n 21:9 (ìbú sí òró mọ́nítọ̀ ultrawide), PS5 náà kì í sì gbé ìwọ̀n yẹn jáde, nítorí náà kì í ṣe mọ́nítọ̀ ni ó bàjẹ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé píksẹ̀lì mọ́nítọ̀ 3440 × 1440 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5, nígbà tí ti mọ́nítọ̀ 2560 × 1440 jẹ́ mílíọ̀nù 3.7, nítorí náà bí graphics card yín (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó ń ya àwòrán) kò bá lágbára, gẹ́ẹ̀mù kò ní dé 144 náà bí ẹ tilẹ̀ yàn án.