Gbòǹgbò máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé yín ní Òṣogbo: ẹ wá ibi tí omi ti ń jò ná

Ẹ kú àjò, àǹtí wa. Ẹ ní àbúrò yín fi àwòrán ránṣẹ́ láti ilé bàbá yín ní Òkè-Baálẹ̀, pé gbòǹgbò máńgòrò tí bàbá gbìn ti gbé sìmẹ́ńtì àgbàlá sókè, tí ògiri yàrá ẹ̀yìn sì ti sán, ẹ wá ń bèèrè láti Kánádà bóyá kí wọ́n gé gbòǹgbò náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn án.

Omi ni gbòǹgbò ń wá. Kì í sábà fi agbára fọ́ ìpìlẹ̀ tó dára. Ògiri tó ti lanu tẹ́lẹ̀, tàbí páìpù tó lọ sí ṣọkawé (ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń wọ̀ sí) tó sì ń jò, ló ń fún un láyè, ibi tó bá sì ti rí omi ni yóò ti máa sanra. Nítorí náà, kí àbúrò yín kọ́kọ́ mú pílọ́ńbà wá yẹ páìpù balùwẹ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò. Kí ó tún fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó gbé rúlà tì í, kí ó sì máa ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù. Bí ó bá ń fẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì ń padé nígbà òjò, a jẹ́ pé ilẹ̀ amọ̀ ló ń súnkì bí igi ṣe ń fa omi inú rẹ̀. Bí ó bá ń fẹ̀ láìdúró, ẹ wá ẹnjiníà tí yóò gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri wò.

Ohun tí ojú wa rí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo fi ń kìlọ̀. Nínú oṣù kejì, àwọn tí a bẹ̀ níṣẹ́ gé gbogbo gbòǹgbò dongoyárò wa tó kọjú sí ilé, àwọn kan nípọn tó itan ọmọdé, wọ́n sì fi igi náà sílẹ̀ lóòró. Ìjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin ló gbé e lu ilé ìdáná aládùúgbò wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá náà ti lọ sọ́jà. Igi tí a gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan kò ní ohun tí yóò fi di ilẹ̀ mú ní apá náà mọ́.

Bí igi náà bá gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àgbà ẹbí, nítorí ọwọ́ bàbá ló gbìn ín. Àárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára, kí ìjì tó dé. Kí àwọn agégẹdú ti òkè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú okùn, kí wọ́n sì hú kùkùté rẹ̀, kí ó má baà tún rú. Ẹ má gbà kí wọ́n da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ sí i, nítorí kànga. Ẹ san owó ní ìdajì. Ìdajì tó kù, kí ó di ìgbà tí ẹ bá rí i lórí fídíò pé wọ́n ti di ihò náà, wọ́n sì ti gún un le.