Ọmọ tó ń fi 17 ṣáájú 16

Ìyá tó ní ọmọ òun ọdún márùn-ún ń ka ení, èjì dé ogún geere, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó to nọ́ńbà, gbogbo ẹ̀ á dàrú: ẹ má nà án o. Èmi na tèmi, ó ń dùn mí dòní.

Orin ni àkọ́bí mi ń kọ, mi ò mọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló tẹ̀lé èje. Ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ení, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ló bá pariwo, "Ẹ̀jọ!" Tí ẹ bá já orin yẹn láàárín, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gé nọ́ńbà ara kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdérí ìgò mínírà. Mo fa ìlà sábẹ́ 6 àti 9 kó má baà gbé wọn sódì. Márùn-ún péré la fi bẹ̀rẹ̀. Á di ojú (irọ́ ni, ó ń yọjú láàárín ìka), màá yọ ọ̀kan, á sọ èyí tó sá lọ. Nígbà tó yá, mo ń sún àwọn tó kù mọ́ra kí àyè rẹ̀ má hàn. Ibẹ̀ leré ti dùn.

Ṣùgbọ́n láti ẹẹ́dógún lọ, ojoojúmọ́ ló ń fi 17 ṣáájú 16. Mo pè é ní agídí, àfìgbà tí mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹẹ́TÀdínlógún, ẹẹ́RÌNdínlógún. Ṣé ẹ̀ta kọ́ ló ṣáájú ẹ̀rin ni?" Ẹnu mi wọhò. Ọmọ ń gbọ́ Yorùbá, èmi ń wá pankẹ́rẹ́! Láti oókànlá dé ẹẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá ni. Tó bá di ẹẹ́dógún, a ń yọ kúrò lára ogún, ohun tí a ń yọ sì ń kéré sí i bí nọ́ńbà ṣe ń ga. Lédè òyìnbó kì í ṣì í, ìyẹn ni tíṣà rẹ̀ ò ṣe rí i.

Ọmọ ayò ló yanjú ẹ̀. Mo to ogún sórí ẹní, mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìlà méjì. Ó mú ẹyọ kan: oókàndínlógún. Ó tún mú ọ̀kan: eéjìdínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ ń kún, ilẹ̀ ń dín. Nígbà tí mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ti ilẹ̀, ó jẹ́ 16, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé 25, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Ọgbọ̀n la tún fẹ́ yọ ọ́ lára ẹ̀ nìyẹn."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lóòjọ́. Tí àbúrò bá wà nílé, ẹ ka ọmọ ayò yín kí ẹ tó kó wọn nílẹ̀. Ọ̀kan nínú tiwa, imú àbúrò la ti rí i.