Ṣé ó yẹ kéèyàn sanwó fún ẹni tó máa bá a wọn kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ ara?

Tó bá jẹ́ ilé sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lò ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀, má náwó. Ìjókòó ló ń fa wàhálà jù, o sì lè tún un ṣe fúnra rẹ. Bọ́ bàtà, fẹ̀yìn ti ògiri, fi ìwé ẹlẹ́yìn líle há àárín itan, tẹ̀ ẹ́ sókè dáadáa, kó o wọn orí ìwé náà dé ilẹ̀. Fi 0.883 sọ iye náà di púpọ̀: sẹ̀ǹtímítà 80 á di nǹkan bí 70.6. Bẹ́ẹ̀ ni kó gùn tó láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó.

Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn o. Gùn ún wò. Tí iwájú orúnkún bá ń dùn ọ́, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, tàbí tí ìdí rẹ ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ga jù. Mílímítà 5 péré ni kó o máa sún un lẹ́ẹ̀kan. Má fa òpó rẹ̀ kọjá àmì tó wà lára rẹ̀, ó lè ṣẹ́.

Tí ọwọ́ bá ń kú, wò ó bóyá imú ìjókòó ti dorí kodò.

Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́ta gun òkè ọ̀nà Ìdànrè, tí ìrora ò lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, lè sanwó. Àmọ́ ẹni tó máa wò ọ́ bó o ṣe ń wà á ni kó o wá. Tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti tóbi jù ọ́ lọ, kò sí ìwọ̀n tó lè tún un ṣe.