Kí o tó gba ẹnì kejì síṣẹ́

Àbúrò, o ní oníbàárà mẹ́rin ń dúró dè ọ́, iṣẹ́ ti ju agbára rẹ lọ, o sì fẹ́ gba developer (ẹni tó ń kọ kóòdù tó ń mú áàpù ṣiṣẹ́) méjì lẹ́ẹ̀kan náà lóṣù tó ń bọ̀. Má gba méjì. Gba ẹyọ kan, kó o sì ti fi owó kún iṣẹ́ rẹ kó tó wọlé.

Owó tí ò ń gbà báyìí, owó ẹnì kan tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ni. Ká ní o fẹ́ máa san ₦300,000 lóṣù fún ẹni tó ń bọ̀. Fi dátà kún un, fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un, àti láptọ́ọ̀pù tó máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Wákàtí tí wàá fi máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò náà ńkọ́? Owó ni. Ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó o fi iye tuntun yẹn lọ àwọn mẹ́rin náà. Bí méjì bá sá, ó lè jẹ́ pé o ò tiẹ̀ nílò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èmi fi owó kún tèmi, ẹni tó máa ń pè mí láago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló kọ́kọ́ lọ. Mi ò sunkún.

Èyí tó le jù ni pé owó oṣù ní ọjọ́, owó oníbàárà ò ní. Iléeṣẹ́ kan gba áàpù lọ́wọ́ mi, wọ́n ń lò ó, akáńtáǹtì wọn wá ń sọ pé ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí owó mi ti rìnrìn àjò. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní láti san owó ilé. Kí ló kàn án nínú ìrìn àjò ọ̀gá wọn? Àpò ara mi ni mo fi san án. Látìgbà náà, ìdajì owó ni àsansílẹ̀ mi, áàpù kì í sì í kúrò lórí server mi (kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́) títí owó á fi pé. Tọ́jú owó oṣù mẹ́ta kó o tó ní kẹ́nikẹ́ni wá. Bó bá sì jẹ́ náírà lò ń gbà, má fi dọ́là ṣèlérí owó oṣù: dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,400 nígbà tó fi di Oṣù Kejì 2024.

Àwọn kan á ní kó o gba ọmọṣẹ́ bíi ti télọ̀, kó máa kọ́ṣẹ́ láìgbowó títí yóò fi ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọṣẹ́ télọ̀ lè máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń rán aṣọ lọ. Kóòdù ò rí bẹ́ẹ̀, àfi kó o dúró ṣàlàyé, àkókò yẹn gan-an ni o ò ní. Wá ẹni tó lè dá iṣẹ́ kékeré parí. Fún un ní ìṣòro kan tó wà nínú iṣẹ́ rẹ lóòótọ́, kó o san owó ọjọ́ náà fún un, yálà o gbà á tàbí o ò gbà á. Ohun tí mo máa ń wò ni ìgbà tó bèèrè ìbéèrè. Ẹni tó dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, tó wá ní òun ò rí i ṣe, mi ò lè bá a ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ní ẹyọ kan: ẹ̀yin méjì, ọ̀nà ọ̀rọ̀ kan ló wà láàárín yín. Ẹ̀yin mẹ́ta, ó di mẹ́ta. Ẹ̀yin márùn-ún, ó di mẹ́wàá. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ nìkan, password, bí a ṣe ń gbé áàpù lọ sórí server, ohun tí oníbàárà kórìíra, kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé.

Ẹ ṣe ìwé àdéhùn pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin wa, iṣẹ́ tí o gbé fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ, ẹni náà ló ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo ni ín. Ní ti CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, má tìtorí ìyẹn wá alájọṣe.

Kóòdù tí ìwọ fúnra rẹ ń kọ yóò dín kù. Mo ṣì ń kọ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, màá ti pa fóònù. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń dúró di ọ̀sán.